Fíìmù Ìfẹ́ Àwọn Ará Japáànù ní Ìsọ̀ Alhaja Sìfáwù

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù ìfẹ́ àwọn ará Japáànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti dókítà bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Òun ni èmi àti Alhaja Sìfáwù fi bẹ̀rẹ̀. A sunkún lójú gbogbo ènìyàn ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Treichville, ní Abidjan níbí, débi pé obìnrin kan tó wá ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kí wa kú ara fẹ́ra kù. A ò mọ bí a ṣe máa ṣàlàyé fún un pé orí fóònù ni ẹni tó kú náà kú sí, àti pé Japáànù ló ń gbé. Alhaja gba ìkíni náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dín owó aṣọ kù fún un.

Èmi ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fíìmù náà sí Alhaja létí. Èdè Japáànù ni wọ́n ń sọ, Faransé ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, Alhaja kò sì mọ ìwé mìíràn kà ju ti Lárúbáwá lọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń ṣe é. Mo ti fi ohùn mi ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀dọ́mọbìnrin, ìyá ọkọ, ọ̀gá iléeṣẹ́, àti ajá kan tó ń ronú. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni èyí tó dára nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí àti èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ku díẹ̀ kí n pàdánù ẹni tí mò ń kà wọ́n fún.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo ka jọ́gíráfì ní yunifásítì nígbà tí wọ́n ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní itan adìẹ lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn ni láti bá wa fọ aṣọ. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á wò mí bí ẹni pé mo ní mo bá iwin jẹun. Mo kọ́ Faransé díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Faransé rẹwà. Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Treichville ní kí n wá fi Faransé yẹn jẹun. Mo sọ fún ìyá mi pé ọdún kan péré ni n ó lò. Ọdún kan ọ̀hún ni mo ṣì ń lò títí di òní.

Kì í ṣe àwọn ilé gíga Abidjan ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ìkíni ni. Bàbá àgbà kan, ọmọ ilẹ̀ yìí, oníbàárà ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo abẹ́ àga, ó ní kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi kí òun bá mi wá a. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ènìyàn ní ìdúró, tí ẹ̀yìn sì ń yún mi.

Èkejì ni Faransé mi. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ẹ̀kẹta ni orúkọ. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ará Ṣakí, ará Ìgbòho, ará Ìsẹ́yìn, bí ẹni pé ìyá kan ṣoṣo ló bí wa. Nílé, bí o bá pe ará Ìgbòho ní ará Ṣakí, ẹ ó jọ rí i. Níbí, kò pẹ́ tí mo fi ń pe ará Ìgbòho ní ọmọ ìyá mi, mo sì fẹ́ ọmọbìnrin wọn kan. Ó bí Ràmátù fún mi, òun ló ń ṣe tíṣà ní Bingerville báyìí. Ìyá Ràmátù ti ṣaláìsí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Iṣẹ́ mi kúrò lórí ìkòkò àti abọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa máa ń ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní ọ́fíìsì ìjọba, tàbí lọ́dọ̀ onílé, tàbí lọ́dọ̀ olùkọ́ ọmọ wọn, èmi ni wọ́n sì ń mú lọ. Mo ti bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́bi, mo ti bínú fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ kan pàápàá, mo bá ọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, kí n tó tún bá a bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Bàbá Ràmátù ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní vieux père, bàbá àgbà.

Ní ti ìpè sílé, ẹ̀yin tí ẹ kò bá ayé ìgbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀. A ó tò síwájú ilé tẹlifóònù. Bó bá kàn mí, màá ní, "Màmá, ẹ ń gbọ́ mi?" Wọ́n á ní, "À ń gbọ́ ẹ, ìwọ ń gbọ́ wa?" Màá ní, "Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ń gbọ́ mi?" Ibẹ̀ ni àkókò á ti parí. A kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọkàn mi á balẹ̀ fún oṣù kan. Nísinsìnyí tí ìpè ti rọrùn, tí ojú tilẹ̀ ń rí ojú, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo fẹ́ pè ti lọ.

Ràmátù ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ fíìmù yìí. Ó rí i pé ilé mi ní Koumassi, àdúgbò kan ní Abidjan yìí, ti dákẹ́ jù, ló bá ra fóònù kan tó fẹ̀ bí àwo fún mi.

"Papa, ẹ wo èyí. C'est doux, ó dùn," ó ní. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa fi ẹsẹ̀ kan sínú Faransé.

"Fíìmù àwọn ọmọdé?"

"Papa, ẹ wò ó ná."

Mo wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ó ti lọ, pẹ̀lú ọkàn pé n kò ní í wò ó pẹ́. Ọkùnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba díẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan sínú ilé. Ẹnì kan dá a lóhùn láti ilé ìdáná. Faransé tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kò rí i túmọ̀ dáadáa. Èmi mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ kú ilé ni. Ẹ káàbọ̀ ni wọ́n sì fi dá a lóhùn. Àwọn tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ayé ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ń tẹríba fún àgbà, wọn kì í ti ìrìn àjò dé lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì ń kí ilé. Mo dá fíìmù náà dúró. Mo wo ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọlé láìkí ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ásárì, mo gbé fóònù náà lọ bá Alhaja Sìfáwù. Opó ni, ará Ìsẹ́yìn, mo ti máa ń bá a lọ sí ọ́fíìsì tipẹ́, mo sì máa ń yà kí i bí ọjọ́ bá rọ̀. Ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín.

"Bàbá Ràmátù, kí nìyí? Àwọn ará Ṣáínà?"

"Ará Japáànù ni wọ́n, Alhaja."

"Wọ́n yàtọ̀ síra?"

"Bí ará Ìsẹ́yìn ṣe yàtọ̀ sí ará Ṣakí."

"Ó tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jókòó, ká jọ wò wọ́n."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Àwọn ará Japáànù kì í tètè sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ jáde. Wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa ra ohun mímu fún ara wọn, títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àmọ́ bó bá di apá bíi kẹjọ, wọ́n á sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àgbàlagbà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, kí n wá kọjú sí obìnrin ní àárín ọjà kí n ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, n kò lè mí bí o kò bá sí"? Ẹnu mi kò gbà á. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan dúró sínú òjò tí ó tú gbogbo ọkàn rẹ̀ síta, ohun tí mo kà sí Alhaja létí ni pé, "Ó ní ẹ kú òjò yìí."

"Òun ló wá ń sunkún sí?"

"Òjò náà pọ̀, Alhaja."

Nínú òmíràn, ọkùnrin kan sáré dé ibùdó rélùwéè, ó di ọwọ́ obìnrin mú, ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní, "Ó ní kó bá òun kí àwọn ará ilé." Alhaja mirí. "Àwọn ènìyàn yìí mọ̀wà hù o," ó ní. "Àwọn ọmọ wa ò lè sáré tó báyìí torí ìkíni."

Bẹ́ẹ̀ ni à bá ṣe máa bá a lọ, bí kì í bá ṣe Aminata. Ọmọ ẹ̀yà Jula ni, ó ń ta ìborùn ní ìsọ̀ tó kángun sí ti Alhaja. Inú ọjà yìí ló dàgbà sí, ó sì gbọ́ Yorùbá tó láti fi ná ọjà, àti láti fi bú ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn wa, ó ń ka Faransé orí fóònù, ó sì ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

"Vieux père," ó ní, "kì í ṣe nǹkan tó wí nìyẹn o."

"Kí ló wí?" Alhaja béèrè.

"Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀. Ó ní bí kò bá fẹ́ òun, òun máa ṣàìsàn. Bàbá yìí ti ń tàn ẹ́ tipẹ́, Alhaja. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fẹ́ra wọn. Kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni."

Alhaja yíjú sí mi. N kò mọ ibi tí n ó wò.

"Bàbá Ràmátù, ti inú òjò yẹn ńkọ́?"

"Bákan náà ni, Alhaja."

"Ti rélùwéè?"

"Bákan náà."

Ó fi gèlè bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ tó yẹ kó tà. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ dá a padà sí ibi òjò yẹn. Ẹ kà á bó ṣe wà." Mo kà á. Mo tẹjú mọ́ fóònù náà, mo sì kà á bí ẹni tó ń ka òfin ìrìnnà. Síbẹ̀, Aminata pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ bí àwọn fíìmù náà ṣe rí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń bi mí. N kò lè pe orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún wọn. Èyí tí Alhaja sọ wọ́n ni mo mọ̀.

Ti Ọkọ̀ Ojú Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé wọn sọdá, ọ̀gá ọkọ̀ náà kì í sì í sọ̀rọ̀. Obìnrin kan wá láti ìlú ńlá láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Àràárọ̀ ló ń pẹ́ dé èbúté, àràárọ̀ sì ni ọ̀gá ọkọ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ gbé, kí obìnrin náà lè bá a. Gbogbo èrò ọkọ̀ mọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo òkun. Èmi tí mo ti wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà láti Treichville lọ sí Plateau fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo lè sọ fún yín pé, níbí, wọn á ti ju ọ̀gá ọkọ̀ náà sómi. Ìdí nìyẹn tó fi dùn-ún wò.

Ti Ilé Ìwẹ̀ le díẹ̀. Tọkọtaya kan ti kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá ọkọ kú, ó sì fi ilé ìwẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń wẹ̀ sí sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ọkọ ń dáná omi lẹ́yìn, ìyàwó ń gba àlejò níwájú, ògiri kan ló wà láàárín wọn, láti ìhà méjèèjì ògiri yẹn ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn jà. Bí ẹ bá ń bá ọkọ tàbí aya yín fa ọ̀rọ̀, ẹ jọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹun tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé apá kan wà ní àárín tí obìnrin náà ń fọ ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alhaja kò gbà pé àbùkù ni. Ó ní apá yẹn ló dára jù, pé ó pẹ́ tí òun ti rí ẹni tó mọ ilẹ̀ fọ̀.

Ti Dókítà lẹ́wà, orin rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó fi í sílẹ̀. Láti apá kìíní ni obìnrin tí dókítà náà fẹ́ràn ti ń kú lọ, kò sì kú tán títí dé ìkẹyìn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ti Bàbá Alágogo, tí kò yá àwọn ọ̀dọ́ lára. Ọkùnrin àgbà kan ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Obìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé agogo kan náà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Agogo náà kò bàjẹ́. Ọkùnrin náà mọ̀. Á tú u, á nù ún, á dì í padà, á ní kó tún gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ariwo kankan. Bí ẹ kò bá tíì tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ẹ ó ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Inú èyí ni a wà nígbà tí Káámílù pe ìyá rẹ̀. Ọmọ Alhaja ni, ó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìsẹ́yìn, ọmọ dáadáa ni. Ojú mi ni ìpè náà ṣe.

"Màmá, ilé ti parí. Yàrá yín wà nísàlẹ̀, ẹ ò ní í gun àtẹ̀gùn."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Ẹ ti ṣe tó níbẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ẹ ta èyí tó kù, kí ẹ máa bọ̀."

Alhaja ní òun ti gbọ́. Kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ sí i. Kí ni à ń bímọ fún? Ohun tí gbogbo wa ń tọrọ ní àjò ni pé kí ọmọ ẹni kọ́ yàrá sísàlẹ̀ fún ẹni. Mo ní mo bá a yọ̀, bó sì ṣe rí nìyẹn ní ìdajì ọkàn mi.

Láti ọ̀sẹ̀ náà, èyí tó bá tà nínú aṣọ rẹ̀, kò fi òmíràn rọ́pò mọ́. Pẹpẹ ìsọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo láti òkè wá. Màá dé lẹ́yìn Ásárì, màá rí igi pẹpẹ tí n kò rí rí láti ìgbà tí mo ti ń wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ṣí fóònù, ó ní, "Bàbá Ràmátù, ẹ jẹ́ ká máa wo ti Alágogo yìí ní ìlàjì-ìlàjì."

"Kí ló dé? Kò dùn mọ́?"

"Ó dùn. N kò fẹ́ kó tètè parí ni."

Èmi tí mo ti ka ìwé, tí mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún odindi ọjà, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó túmọ̀ ìyẹn.

Mo lọ bá Múkáílà télọ̀, ará Ìgbòho, ọ̀rẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Koumassi. Ó ń gé aṣọ.

"Ṣé ara rẹ kò yá ni?" ó ní.

"Ara mi yá."

"Ojú rẹ kò jọ ọ́. Àwọn fíìmù ọmọdé yẹn ló ń ṣe ọ́."

"Mo fẹ́ kí o bá mi lọ rí Alhaja Sìfáwù."

"Lórí kí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti gé. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Háà. Láti ìgbà wo?"

"N kò mọ̀. Bóyá láti ìgbà Ilé Ìwẹ̀."

"Ilé ìwẹ̀ ta ni?"

Ó gba àkókò díẹ̀ kí n tó yanjú ìyẹn. Nígbà tó yé e pé kò sí ẹni tó wẹ̀ níbì kankan, ó gbà láti lọ. Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá àgbà. Alárinà ló ń lọ, tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun tí obìnrin sùn, kọjá sí orí ọjà, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, alárinà ni wọ́n kọ̀ fún, ojú kò ní í ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó dára ni. Òun ni mo fi fẹ́ ìyá Ràmátù. Múkáílà wọ bùbá àti ṣòkòtò tó le gbagidi, ó wọ wọ́rọ̀-wọ́rọ̀, takisí àjọwọ̀ tiwa níbí, ó lọ. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín aṣọ àwọn ènìyàn.

Nígbà tó padà dé, ó kọ́kọ́ mu omi.

"Ó fún mi ní àtíkẹ́ àti ẹja," ó ní. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn níbí ni àtíkẹ́. "Ó dùn."

"Múkáílà."

"Ẹja ńlá ni."

"Múkáílà, kí ló wí?"

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin Japáànù. Ó ní o ti bá gbogbo wọn sọ ọ́, nínú òjò, lórí afárá, ní ibùdó rélùwéè. Ó ní òun ò gba alárinà. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ tìrẹ, ó ní kí o gbé ẹnu rẹ wá." Ó nu ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà, kò sí obìnrin tó tíì fi ẹja lé mi padà."

Mo padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní ìlú yìí, ẹnu ẹlòmíràn ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Bí onílé bá pariwo, kì í ṣe èmi ló ń pariwo mọ́. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mi. Ó rọrùn púpọ̀. Ènìyàn lè wà ní àárín gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú kan kí ìlú náà má mọ ohun tí òun alára ń fẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ṣì ń pe ara mi ní àlejò. Àlejò kì í sọ pé oúnjẹ yìí ni òun fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo kírun Ásárì, mo lọ sí Treichville. N kò gbé fóònù fífẹ̀ náà dání. Alhaja jókòó sí àárín aṣọ tó kù.

"Fíìmù dà?"

"N kò mú un wá lónìí, Alhaja."

Ní ìsọ̀ kejì, Aminata gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ wa díẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń sá fún òòrùn.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ," mo ní.

Alhaja ní, "Ìyẹn nìkan?"

"Mo fẹ́ràn yín. Mo fẹ́ kí a jọ máa gbé, bí ẹ bá gbà. Ilé mi ní Koumassi kò tóbi, ṣùgbọ́n kò ní àtẹ̀gùn."

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ kò gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo kàn ní kí ẹ tún un sọ ni."

Mo tún un sọ. Aminata kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi ọ̀kan nínú ìborùn ọjà rẹ̀ nu ojú. Alhaja mú fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Káámílù, bàbá kan fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀," ó sì nà án sí mi. N kò bá ìyẹn nínú fíìmù kankan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ohùn náà ní. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ka fíìmù fún Màmá?"

"Èmi ni."

"Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi lórí fóònù. Ó ní kí n bi yín bóyá ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi yẹn padà fẹ́ obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́."

"Ó fẹ́ ẹ."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé ó fẹ́ ẹ, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí mo bá wá fún Káámílù, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, láìfi oorun àti ọjà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ nígbà tó dá mi lóhùn.

"Bàbá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin náà ti dàgbà. Bí ó bá rẹ Màmá, ta ló máa tọ́jú ta ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo wo Alhaja. Kò ràn mí lọ́wọ́.

"Ọmọ mi," mo ní, "ẹni tí ara rẹ̀ bá yá lọ́jọ́ náà ni yóò tọ́jú ìkejì. Bí kò bá yá ẹnikẹ́ni nínú wa, Ràmátù ọmọ mi wà ní Bingerville, a ó pè é, a ó sì pè ọ́. Kò sí èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi."

Mo gbọ́ ariwo mọ́tò ní Ìsẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì, tí Káámílù ní kó dúró ná. Lẹ́yìn èyí ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dúpẹ́, mo sì dá fóònù padà sọ́wọ́ Alhaja. Ìpè náà ti já.

"Kí ló wí?" ó béèrè.

"Ó ní kí ẹ wá wo yàrá náà, kó má baà jẹ́ pé òun kọ́ ọ lásán. Ó ní kí èmi náà bá yín wá, kí ìdílé rí mi. Ó ní bí a bá ṣe tán, kí á padà síbi tí a bá fẹ́."

Alhaja dìde, ó fa aṣọ àǹkárá gígùn kan tó ti tú ká sílẹ̀, ó mú etí kan, ó na ìkejì sí mi.

"Ẹ bá mi di ibẹ̀ mú," ó ní. "Nǹkan yìí gùn jù fún ẹnì kan."

Mo di í mú. A fà á le, a ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, mo sì rìn lọ bá a láti fi etí tèmi lé tirẹ̀.